Àwọn Igi Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin ní Alábàtà

Òórùn ẹlú tútù, ewé tí a fi ń ṣe aró, kò jọ òórùn mìíràn láyé yìí. Ó jọ ewé, ó jọ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó sì ní nǹkan kíkan kan nínú tó máa ń ta imú díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Kemta láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, nígbà tí òórùn náà wọlé tọ̀ mí wá bí àlejò tí kò ké àgò. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Aró tí wọ́n ń lò ládùúgbò wa báyìí, inú ike ló ti ń wá, òórùn tirẹ̀ sì dà bí òórùn ilé oògùn. Ẹni tí wọ́n bí sídìí ìkòkò aró kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Mo gbójú sókè. Ọmọbìnrin kan ló dúró níwájú mi, ó ru àpò ìrẹsì kan tí ewé kún bámúbámú. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ìjókòó.”

Mo ní, “Kú àárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?”

“Sáínábù ni mí, Màmá. Ọmọ ọmọ Bàbá Ràfíù, Bàbá Ràfíù ti Kútò.”

Mo ní, “Hùn-ùn.” Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni láti ilé Ràfíù, àbúrò ìyá mi, ti kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yìí gbẹ̀yìn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó yẹ kí àyà mi já, tàbí kí inú mi dùn, tàbí kí n bínú. Mo wá gbogbo inú mi kiri, mi ò rí ọ̀kankan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi kú, tí wọ́n wá ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ojú rí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ò mọ̀.

Mo ní kó jókòó, kó mumi ná. Bí ó ti ń mumi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sí yín létí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Alábàtà kò ní yunifásítì, kò ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ léra wọn bí àpótí ìṣáná. Oko ni. Àwa ọmọ Kemta, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi báyìí, oko là ń lọ. A ó gun ọkọ̀ akérò dé ibi tí ọ̀nà bá sú u, ẹsẹ̀ la ó fi rin ìyókù, a ó sì máa gbọ́ ariwo ẹyẹ ẹ̀gà kí a tó rí òrùlé abà Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí ìyá mi. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó bá rí ló ń kí. Ó ń kí ewúrẹ́, ó ń kí kànga. Èyí tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé bí ó bá ń kọjá lára ilẹ̀ tí ó ti dáko sí rí, tí ó wá fi sílẹ̀ kó tún padà di igbó, á dúró, á gbé fìlà sókè díẹ̀, á ní, “Ẹ kú ìsinmi o.” Ó ń fi “ẹ” kí ilẹ̀, bí ẹni tó ń kí àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọdé á wojú ara wa, a ó bú sẹ́rìn-ín.

Bí Bàbá Àgbà ṣe ń dáko nìyí. Bí ó bá fẹ́ ṣán igbó, kì í gé igi mọ́lẹ̀. Ibi orókún rẹ̀ ni àdá rẹ̀ máa ń gbà. Bí alágbàṣe kan bá gé igi sísàlẹ̀ jù, ó lè fi gbogbo ọ̀sán bínú sí i. Ó ní igi tí wọ́n bá gé lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n ti pa á. Èyí tí wọ́n bá gé níbàdí, yóò dí ẹni tó ń kọ ebè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá gé ní orókún, ó ṣì lè kí ìrun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń wí, a ó sì tún rẹ́rìn-ín. Kùkùté á dúró káàkiri oko bí àwọn èèyàn kúkúrú tó ń wo ohun tí à ń ṣe. A ó gbin iṣu sáàárín wọn, a ó gbin àgbàdo, lẹ́yìn náà ẹ̀gẹ́. Ó sì ní àwọn igi ńlá kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rárá: ìrókò kan, ahùn kan, àti àyúnrẹ́ tí ó ṣíji bo ibi tí a ti ń jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òjìji igi kò jẹ́ kí àgbàdo ta, Bàbá Àgbà á tọ́ka sókè sí àwọn ẹyẹ.

“Àwọn yẹn ni alágbàṣe mi,” ni ó máa ń wí. “Èmi ń gbin iṣu, àwọn ń gbin igbó. Bí mo bá gé àga wọn, níbo ni wọn yóò jókòó sí ṣiṣẹ́?”

Ní òwúrọ̀, lóòótọ́, a ó rí ìgbẹ́ ẹyẹ lábẹ́ igi wọ̀nyẹn, èso igbó á wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a ó bá padà dé ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nǹkan á ti hù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.

Tí ẹ̀gẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, tí ó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, Bàbá Àgbà kì í bá ilẹ̀ jà. Á kó ọkọ́ rẹ̀, á ní ilẹ̀ ti rẹ̀, ó di ibòmíràn. Nígbà náà ni èéhù á yọ lára àwọn kùkùté. Gbòǹgbò wọn kò kú láti àárọ̀, wọ́n kàn ń dúró dè wá kí a lọ ni. Kùkùté kan á yọ èéhù mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á jọ máa du òkè, kí ó tó pẹ́, igbó ti tún bo ojú ọ̀run mọ́ni lójú.

Irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ẹlú fẹ́ràn. Ẹlú kì í fẹ́ àárín oko tí ọkọ́ ń dà láàmú, kò sì fẹ́ ẹgàn ńlá tí oòrùn kò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igbó tó ń sinmi ló ń fà mọ́, yóò gun èéhù lọ sókè bí ọmọ tó gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń já a.

Aláró ni ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá, èékánná rẹ̀ dà bí ẹni pé ọ̀run alẹ́ ló fi wọ́n họ. Nílé-kéwú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ìyá mi fi ọwọ́ yẹn wọ àlùjánnà. Mo lọ bi í. Ó ní kí n sọ fún wọn pé aṣọ àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́, ta ló ń rẹ ẹ́? Òun náà ló ń gún ẹlú, òun ló ń mọ ọ́n bí ìkúùkù, tí yóò sá a sóòrùn kí ó tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Òórùn rẹ̀ wà nínú irun wa, ó wà nínú oúnjẹ wa. Mo rò pé bí ìyá gbogbo èèyàn ṣe ń rùn nìyẹn.

Ràfíù ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ìyá mi ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ń ta àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò ní Kútò, nítòsí gáréèjì, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ọjà rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí a tó rí i. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe fèrè. Òun ló máa ń gbé mi lé èjìká láti abà títí dé etí odò, tí yóò máa ké pe àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà pé, “Ẹ yà o, ẹ yà o! Aró-Kékeré ń kọjá!” Aró-Kékeré ni orúkọ tí ó fún mi. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, katakata lòun máa fi gbé mi lọ ilé ọkọ, kí ìdílé ọkọ mi lè mọ̀ pé ọmọ ẹni ńlá ni mí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ pé òjò rọ̀ lọ́dún tó kọjá.

Nígbà tí ara Bàbá Àgbà kò gbé e mọ́, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí oko, ó sì fi ẹnu pín ilẹ̀ fún wọn. Ó fún Ràfíù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí pé ọkùnrin ọjà ni, yóò fẹ́ ibi tí mọ́tò lè dé. Ó fún ìyá mi ní apá odò, níbi tí ilẹ̀ ti ń sinmi. Ó ní, “Sàlámọ́tù, ìwọ lo mọ ìwúlò ẹni tó ń sinmi.” Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òun náà lọ sinmi.

Ní ọdún yẹn ni Ràfíù gbé katakata wá. Gbogbo ọmọ abà ló jáde wò ó. Èmi fúnra mi, mo rò pé ọjọ́ ìgbéyàwó mi ti dé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ katakata sọ̀kalẹ̀, ó rìn wọ inú oko, ó rí àwọn kùkùté, ó sì mi orí. Ó ní irin òun yóò kán. Ràfíù bá kó àwọn géńdé wá. Wọ́n walẹ̀ yí kùkùté ká, wọ́n gé gbòǹgbò, wọ́n fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrókò, ahùn, àyúnrẹ́, gbogbo wọn ló lọ. Wọ́n kó wọn jọ gègèrè sáàárín oko, wọ́n ti iná bọ̀ wọ́n, iná náà sì jó títí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi pupa bí ìkòkò. Nígbà tí katakata ṣe tán, oko mọ́ bí ojú àwo. Èèyàn lè dúró ní ìkángun kan kó rí adìyẹ ní ìkángun kejì.

Ìyá mi dúró ní etí oko náà, ó káwọ́ lẹ́yìn.

Ó ní, “Ràfíù, níbo làwọn ẹyẹ fẹ́ bà lé?”

Ràfíù rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹyẹ ni mo fẹ́ máa tà ni?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gẹ́ tó hù níbẹ̀ lọ́dún náà tóbi bí itan àgbàlagbà, a jẹ láfún títí ó fi sú wa. Ràfíù wá wo apá odò, ó rí igbó lásán, ó ní ọ̀ràn náà kò yé òun.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ fi àwàdà sọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun ń fi igbó ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́ tí ó bá ń sọ ọ́. Ó ní Bàbá kò fún ìyá mi ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ẹgàn ni, ẹgàn tí àdá ẹnikẹ́ni kò kàn rí, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ẹbí, òun ọkùnrin ló sì yẹ kó máa bójú tó o. Katakata wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Nílẹ̀ wa nígbà náà, ilẹ̀ tí èèyàn ro ni tirẹ̀. Bí ìyá mi bá ṣán apá odò gbẹrẹgẹdẹ, kó kọ ebè síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹlú rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ó bá sì fi sílẹ̀, wọ́n á ní kì í ṣe tirẹ̀. Níbòmíràn yí ká, àwọn èèyàn ti ń ṣe bíi ti Ràfíù, ẹlú ti ń ṣọ̀wọ́n. Bí apá odò bá lọ, ìkòkò aró tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ á gbẹ, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó jókòó ti àwọn ìkòkò náà, tó ń fi ọ̀pá rò wọ́n, tí kò sì sí aṣọ kankan nínú wọn.

Olórí ẹbí wa nígbà náà, Bàbá Olórí là ń pè é, ó ní orí ilẹ̀ la ti ń dá ẹjọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, àwọn àgbà ẹbí bọ́ sọ́nà Alábàtà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èmi ló gbé kẹ́tùlù omi. Nígbà tí a rin ìrìn náà débì kan, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, “Ràfíù, ṣé katakata tìrẹ kì í gbé àgbàlagbà ni?”

Ràfíù ní, “Bàbá, bí ẹ bá gùn ún, ó lè kọ ebè sí yín lẹ́yìn.”

“Kò burú, ṣebí ẹ̀yìn mi ti sinmi tó!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo gbọ́ láàárín Ràfíù àti àwọn èèyàn wa.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Ràfíù nawọ́ sí igbó náà. “Ẹ wò ó fúnra yín. Ta ló dáko síbí rí? Ẹgàn ni.”

Bàbá Olórí fi ọ̀pá rẹ̀ ya ewé, ó wọlé, àwa náà sì tẹ̀ lé e. Ó dé ìdí igi kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò. Igi mẹ́rin ló jáde láti ìdí kan ṣoṣo, wọ́n kọjú síra wọn bí àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹun nínú àwo kan. Láàárín wọn, ní gíga orókún, ojú kùkùté àtijọ́ wà níbẹ̀, ó ti jẹrà díẹ̀, ṣùgbọ́n dídán ibi tí àdá gbà kò tíì parẹ́ tán. Ó lọ sídìí òmíràn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ sídìí òmíràn. Bákan náà.

Ó nàró, ó di ìbàdí mú.

Ó ní, “Igi tí kò mọ àdá rí, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Ta ni nínú ẹbí yìí tó ń gé igi ní orókún?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀kan rántí bí Bàbá Àgbà ṣe lé alágbàṣe kan kúrò lóko nítorí pé ó gé igi mọ́lẹ̀. Bàbá Olórí wá sọ fún Ràfíù pé bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, pé oko ni ibẹ̀, oko tó ń sùn ni, àti pé ẹni tí wọ́n fún ló ni ín. Ó kìlọ̀ fún ìyá mi pé kó máa ro igun kan níbẹ̀ lọ́dọọdún, kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà tún pè é ní ẹgàn.

Ràfíù wo ìdí igi náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá mi. “Ẹ ti borí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa bá igi yín sọ̀rọ̀.” Ó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ padà sílé. Kò wá sílé wa ní Kemta mọ́, ìyá mi kò sì dé Kútò. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, wọ́n á fi ẹran ránṣẹ́ síra wọn láti ọwọ́ ọmọdé, láìsí ọ̀rọ̀. Nígbà kan tí wọ́n rán mi ní Kútò, ó rí mi, ó ra ẹ̀pà fún mi, ó di í mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pè mí ní Aró-Kékeré. Mo jẹ ẹ̀pà náà lọ́nà títí ó fi tán. Mi ò rántí bó ṣe dùn.

Ilẹ̀ Ràfíù ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà kò ṣe dáadáa mọ́. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ di ìka ọmọdé, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ì bá ti ṣe, ó ń retí pé kí igbó padà. Igbó kò padà. Láti inú kí ni yóò ti padà? Kò sí kùkùté tí yóò yọ èéhù, kò sí igi tí ẹyẹ yóò bà lé. Ẹ̀kan ló wá, koríko tí ṣóńṣó rẹ̀ ń gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ọdẹ á ti iná bọ ẹ̀kan náà, èyíkéyìí igi kékeré tó bá sì fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú níbẹ̀ á jó. Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín ilẹ̀ rẹ̀ àti apá odò. Ní ọwọ́ kan, igbó dúdú. Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀kan tó ń fì bí irun arúgbó. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i.

Ìgbà tí ìdílé kan láti òdìkejì ọ̀nà wá pe ẹ̀kan yẹn ní tiwọn ni Ràfíù ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n ní pápá lásán ni, pé ẹnikẹ́ni kò dáko síbẹ̀ rí, pé ibẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń dọdẹ. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi kò sọ pé òun kò lọ. Ó wé gèlè, ó lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ níwájú àwọn tó wá dá ẹjọ́ náà, ó ní, “Ilẹ̀ bàbá wa ni. Níbí yìí ni a ti ń jẹun lábẹ́ àyúnrẹ́.”

Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ fi àyúnrẹ́ náà hàn wá.”

Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ya ẹ̀kan, bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ràfíù kò gbé ojú sókè. Kò sí kùkùté kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lè bá wọn jẹ́rìí.

Ìdílé òdìkejì ọ̀nà náà ló gba ilẹ̀. Ìyá mi àti Ràfíù dúró díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti lọ, mo sì rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ràfíù gba ọ̀nà Kútò, àwa gba ọ̀nà Kemta. Nígbà tí Ràfíù kú, a lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kú àṣẹ̀yìndè, ìyá mi jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò sunkún, ọwọ́ rẹ̀ dúdú lórí itan rẹ̀. Èmi náà ò sunkún. Bí ó ṣe ṣe wá nìyẹn, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dà bí ohun tó ṣe wá mọ́.

Ìyá mi ti lọ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti di ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibi tí a ti ń jẹ láfún, wọ́n ń sá aṣọ sí ibi tí ìrókò wà. Apá odò ṣì wà. A ń ro igun kan níbẹ̀ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí Bàbá Olórí ṣe wí, a ń gé e ní orókún, a sì ń ṣí lọ sí igun mìíràn. Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kú ná. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Mi ò sì fi aró ṣe iṣẹ́, kò sí ìkòkò kankan nílé wa mọ́. Mo kàn ń ṣe é ni.

Ohun tí mò ń rò nìyí nígbà tí Sáínábù mumi tán.

Ó ní, “Màmá, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ. Ẹlú gidi ni mo fẹ́ fi ṣe tèmi. Igbó yín tó wà létí odò ni mo ti já eléyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn máa lọ, pé ta ló máa rí mi. Mo ní rárá, mo máa wá sọ fún yín.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún ọ pé tiwa ni?”

“Ilé la ti mọ̀ ọ́n. Tí a bá bá Bàbá Ràfíù kọjá níbẹ̀, wọ́n máa ń ní ká dúró, ká kí i.”

“Kí ta?”

“Kí igbó náà ni, Màmá.” Ojú ń tì í díẹ̀. “Wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á ní, ‘Ẹ kú ìsinmi o.’ Àwa náà á wí bẹ́ẹ̀. A rò pé wọ́n sin èèyàn síbẹ̀ ni.”

Mo wo ẹ̀wà ọwọ́ mi. Òkúta kan wà láàárín rẹ̀, mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ nù.

Mo ní, “Kò sí òkú níbẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Mi ò bínú. Àwọn ewé yìí, ṣé o fà wọ́n tu ni?”

“Rárá o. Ọ̀bẹ ni mo fi gé ìtàkùn wọn.”

“Ibo lo ti gé e?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti fi hàn mí.

Mo ní, “Ó ti kéré jù. Gbé e sókè.”

Ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀.

“Gbé e sókè sí i.”

Ó gbé e dé orókún, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò mí. Òórùn ẹlú ti kún gbogbo ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó máa gé e níbẹ̀, kó sì máa wá.